Ẹ má tíì lé ajá yẹn, ìyá Gàá-Akanbí

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàá-Akanbí ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin tó kó lọ sí Àbújá fi akọ ọmọ ajá pitbull kan sílẹ̀ fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ajá náà ti pé oṣù márùn-ún. Kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará ilé kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bó bá dàgbà, ọpọlọ rẹ̀ á wú, á sì kọjú ìjà sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Wọ́n ní bó bá ti di nǹkan mú, ẹnu rẹ̀ á tì pa bí àgádágodo. Àlàájì onílé wa ní kí n mú un kúrò kí oṣù tó parí. Ọmọ mi kò yé sunkún. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àbí kí n kàn lé e lọ?"

Ìdáhùn:

Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe dókítà ẹranko ní ìlú yìí, kò sí ajá tí wọ́n ń bi mí léèrè tó pitbull, kò sì sí èyí tí wọ́n ń parọ́ mọ́ tó o. Ẹ má tíì lé e. Ọpọlọ tó ń wú, irọ́ ni. Ẹnu tó ń tì pa, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ará ilé yín ń bẹ̀rù ló jẹ́ irọ́. Màá sọ ibi tí òótọ́ wà fún yín kí n tó dákẹ́, torí ọmọ aládùúgbò ń rìn nínú àgbàlá yín, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín.

Ẹ jẹ́ ká yára mú irọ́ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Agbárí ajá àti ọpọlọ rẹ̀ jọ ń dàgbà pọ̀ ni, wọ́n sì jọ ń dúró. Ọpọlọ pitbull kì í tóbi ju agbárí rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Doberman ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Kí Doberman tó dé, Alsatian tí à ń pè ní ajá ọlọ́pàá ni gbogbo ènìyàn ń sá fún. Ajá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni ìtàn náà máa ń ṣí lọ bá. Ní ti ẹnu, mo ti ya ẹnu pitbull láìmọye ìgbà láti fún un ní oògùn aràn tàbí láti wo eyín rẹ̀. Bí egungun ibẹ̀ ṣe so mọ́ra kò yàtọ̀ sí ti Bíngó tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ elẹ́ran. Ohun tó yàtọ̀ ni pé iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ki, ó sì lágídí: bó bá di nǹkan mú, kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìwà nìyẹn, ìwà sì ṣe é kọ́.

Níbo ló ti rí àgídí náà? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Láyé àtijọ́, eré ni fún wọn níbẹ̀ láti so akọ màlúù mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì tú ajá sí i. Òfin fòpin sí i ní 1835. Àwọn tí ojú wọn ti mọ́ ẹ̀jẹ̀ kò jáwọ́. Wọ́n wọnú ilé lọ, wọ́n ń fi ajá àti ajá jà nínú kòtò, wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lé e. Kòtò yẹn ni "pit" tó wà nínú orúkọ rẹ̀, akọ màlúù sì ni "bull". Àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà kó irú-ọmọ wọn dání, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ United Kennel Club ti fi orúkọ American Pit Bull Terrier sínú ìwé ní 1898. Àwọn kan ṣì ń fi wọ́n jà níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà lóko, tí wọ́n ń bá olóko da ẹran, tí wọ́n ń sùn sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ayàwòrán kan ya ajá orílẹ̀-èdè márùn-ún sórí pátákó kan. Nígbà tó kan Amẹ́ríkà, irú ajá yìí ló yà, ó sì fi àsíá wọn wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe rí i nígbà náà nìyẹn.

Ẹ lè wí pé ajá tí wọ́n fi ń jà, ṣé kò ní pa ènìyàn? Ẹ wo ajá ọdẹ. Ọdẹ ni bàbá ìyá mi, ní abúlé Ìgbómìnà kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ajá rẹ̀ ń pa ọ̀yà, ó ń lé ìgalà títí ìgalà á fi wó. Bí wọ́n bá ti oko dé ní àárọ̀, àwa ọmọdé la máa ń jókòó tì í, tí a ń yọ eégbọn ní etí rẹ̀, tí a ń fa ìrù rẹ̀, á sì dijú. Kò sí ẹnì kan ní abúlé tó sọ pé torí ajá yẹn ń pa ọ̀yà, yóò pa ọmọ. Wọ́n mọ̀ pé ìdí ààrò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pitbull. Ìjà ajá sí ajá lọ́tọ̀, ìkọlù ajá sí ènìyàn lọ́tọ̀. Nínú kòtò ìjà ìgbà náà gan-an, àwọn ọkùnrin ń bọ́ sínú rẹ̀ láti fi ọwọ́ lásán gbá ajá wọn mú.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Púpọ̀ nínú ajá tí wọ́n ń pè ní pitbull kì í ṣe pitbull. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ajá 120 jọ láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá aláìnílé, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fojú sọ irú ajá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ajá 25 péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé ìran pitbull wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n fojú pè bẹ́ẹ̀ ju iye yẹn lọ dáadáa. Bí àwọn tó ń rí ajá láràárọ̀ bá ń ṣì í mọ̀, kí ni kí a retí lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ìròyìn lórí WhatsApp? Ajá kan gé ènìyàn jẹ níbìkan, orí rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó ti di pitbull nìyẹn. Ní 2022 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ajá tó lé ní 18,000. Wọ́n rí i pé bí a bá ń wá ohun tó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìran tí ajá ti wá kò kó ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ. Ìyókù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, ara wọn sì ni ọwọ́ tó tọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ìgbà ọyẹ́ ni, ní ilé kan ní ìgboro yìí. Bàbá tó ni ilé pè mí pé pitbull òun ń rùn, òun kò sì mọ ohun tó ń rùn lára rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kànga, kí n má sún mọ́ ọn, pé ìkà ni, pé ó ti gé ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́, lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo ibi tí ṣéènì rẹ̀ gùn dé ni ilẹ̀ ti dán bí ìgbà tí wọ́n fi òkúta họ ọ́, kò sí koríko kan ṣoṣo níbẹ̀. Níbi tí ṣéènì parí sí gan-an ni koríko ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi okùn pààlà yí i ká. Abọ́ omi rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé ń sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé ata gígún àti agbọ́n ni àwọn ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa gbóná.

Mo wo ọrùn ajá náà, mi ò rí ṣéènì níbẹ̀. Ṣéènì gbéra ní ìdí igi, ó dé ọrùn, ó sì wọlé. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá ni wọ́n ti fi àgádágodo tì í mọ́ ọn lọ́rùn. Ọrùn ń tóbi, ẹnì kan kò sì rántí tú u. Ẹran ara ti hù bò ó. Ibẹ̀ ló ń rùn.

Mo lóṣòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mi ò wo ojú rẹ̀, mi ò pè é. Mo ń ju ẹran bíbọ̀ sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ kùn débi pé àyà mi ń já. Nígbà tó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó na ọrùn tó ń jẹrà yẹn, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá iyọ̀ òógùn tó wà lára rẹ̀. Mo gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, a fi ayùn irin gé ṣéènì náà, mo sì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ẹran ara. Ó pẹ́ kí ọgbẹ́ náà tó san. Ìyá kan tó ń sin adìyẹ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ló gbà á lọ. Títí tó fi kú, kò gé ènìyàn kankan jẹ mọ́. Ajá mìíràn nìkan ni kò gbà láyè. Ìyá náà tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì mú òmíràn wá sílé. Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé tó ti kọ́kọ́ gbé, wọ́n á sọ fún yín pé pitbull burú.

Ìdí nìyí tí ìwádìí kan tó jáde ní 2013 kò fi yà mí lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tún ikú 256 tí ajá fà láàrin 2000 sí 2009 yẹ̀ wò, wọ́n bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ajá kọ̀ọ̀kan. Nínú ikú 100, bíi 87 ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó lágbára nítòsí tó lè gba ẹni náà sílẹ̀. Bíi 84 ló jẹ́ ti ajá tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá. Bíi 76 ló jẹ́ ti ajá tí kò bá ènìyàn gbé, tí wọ́n kàn so mọ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí tì mọ́ ibì kan. Ní ti irú ajá tó ṣe é, kò tó 20 nínú 100 tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú báyìí ni. Mo ka ìwádìí yẹn, ojú ilẹ̀ tó dán lábẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mò ń rí.

Àwọn àgbà wa ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ajá ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní 2007, ọwọ́ òfin tẹ Michael Vick, gbajúgbajà eléré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, torí pé ó ń fi pitbull jà ní Virginia. Nǹkan bí 50 ajá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, pípa ni wọ́n máa ń pa irú ajá bẹ́ẹ̀ dànù. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì hàn pé púpọ̀ nínú wọn ṣe é tọ́jú. Wọ́n kó 22 lọ sí ibùdó kan ní Utah. Àwọn kan nínú gbogbo wọn di ajá ilé lẹ́yìn náà, wọ́n sì wà níbi tí ọmọdé wà. Ajá tí wọ́n dìídì kọ́ láti jà ni ìwọ̀nyẹn. Tiyín kò tíì já ewé ẹnikẹ́ni.

Ní ti òfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de pitbull ní 1991, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ajá tó ń gé ènìyàn jẹ kò tán níbẹ̀. Ní òpin 2023 wọ́n tún fi irú ajá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní XL Bully kún un. Netherlands fòfin dè é ní 1993, wọ́n sì yọ òfin náà kúrò ní 2008 nígbà tí wọ́n rí i pé iye ẹni tí ajá ń gé jẹ kò dínkù.

Wàyí o, òótọ́ tí mo ṣèlérí. Ajá yìí lágbára. Akọ rẹ̀ tó ti gbó máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 16 sí 27, ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí níhìn-ín sì ti ní ìran Boerboel, ajá ńlá ilẹ̀ South Africa, nínú, wọ́n tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bíngó á gé ènìyàn jẹ, á sì sá. Tiyín, bó bá gé nǹkan jẹ, ó lè má jọ̀wọ́ rẹ̀, á máa gbọ̀n ọ́n. Ìwà kan náà tí ẹni méjì hù sí ajá méjì, ti pitbull lè gbé ọmọ dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ní kò sí ewu rárá kò fẹ́ràn yín, kò sì fẹ́ràn ajá náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láàrin ọdún kan sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ajá mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ ti jọ ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò ńkọ́? Àgbò Iléyá tí Àlàájì á so mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ó lè rí wọn bí ohun tó yẹ kó lé. Nítorí náà, títú u sílẹ̀ láìsí okùn nínú àgbàlá yín, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Àlàájì. Ìlọrin la wà, ọ̀rọ̀ ajá àti ìmọ́tótó kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Èmi kì í ṣe àfáà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àfáà kọ́ mi ni pé nínú ìlànà Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, ara ajá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin. Abọ́ tó bá fẹnu kàn ni à ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Súrátù Kahfi sọ nípa ajá àwọn tó sùn sínú ihò, tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Hadíìsì ẹni tó fi bàtà bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run fi torí rẹ̀ dárí jì í, Àlàájì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Hadíìsì mìíràn tún wà tó ní kí a má ṣe sin ajá lásán, bí kò bá jẹ́ ti ọdẹ, ti oko tàbí ti ẹran ọ̀sìn. Bóyá ti ṣíṣọ́ ilé wà lára rẹ̀, àfáà àdúgbò yín ni kí ẹ bi. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ajá náà jìnnà sí omi àlùwàlá, sí ibi ìkírun, àti sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ń gbà.

Àrùn tí mo fẹ́ kí ará ilé yín bẹ̀rù ni dìgbòlugi. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí ń pa láyé, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, kò sì bìkítà bóyá ajá náà tóbi tàbí ó kéré. Bíngó tí gbogbo yín ń rérìn-ín sí, tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, ewu rẹ̀ ju ti pitbull tó ti gbà á lọ. Bí ajá èyíkéyìí bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo pupa sí i. Ẹ má dúró wò ó bóyá àìsàn á yọjú, torí bó bá ti yọjú, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé ajá náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin tàbí ti ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí kò bá tíì gbà á, kí wọ́n fún yín ní káàdì rẹ̀, kí ẹ sì bá wọn mú ọjọ́ tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ ra okùn tó nípọn àti bẹ́líìtì ọrùn tó fẹ̀. Ẹ kan kéèjì tí ajá náà lè dìde, tó sì lè yíra padà nínú rẹ̀, níbi tí òòrùn kò ti ní pa á. Ẹ jẹ́ kó máa rí ènìyàn lójoojúmọ́, ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó wọ agbádá, ẹni tó wọ híjáàbù, aláàárù tó gbé ẹrù sórí, láti òkèèrè, kí ọmọ yín máa fún un ní ẹran díẹ̀ bó bá dákẹ́ wò wọ́n.

Kí ọmọ yín máa bá a ṣe eré kan. Kó fún un ní àkísà dì mú lẹ́nu, kí òun náà di etí kejì mú láìfà á. Kó gbé ẹran bíbọ̀ sún mọ́ imú rẹ̀, kó sì wí pé "fi sílẹ̀". Bó bá jọ̀wọ́ àkísà, kó gba ẹran náà, kó sì tún gba àkísà rẹ̀ padà. Ìgbà mẹ́wàá ní àárọ̀, ìgbà mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, láìsí pàṣán. Ajá tó bá ti mọ̀ pé òun kì í pàdánù nígbà tí òun bá jọ̀wọ́ nǹkan, ọwọ́ tó ń bọ̀ wá sí ẹnu rẹ̀ kì í bí i nínú. Bó bá ń jẹun, kí ọmọdé kankan má lọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè dá ajá dúró, kó má wà pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àgbà.

Nígbà tí káàdì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú àgbà kan dání, kí ẹ lọ kí Àlàájì. Ẹ fi káàdì hàn án, ẹ fi ibi tí kéèjì wà hàn án, kí ẹ sì tọrọ oṣù mẹ́ta. Bó bá kọ̀, ilé rẹ̀ ni. Ẹ wá ilé mìíràn tó ní ọgbà fún ajá náà, èmi náà á bá yín wá a. Ẹ má jù ú sí ọjà, ẹ má sì gbé e fún ẹni tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di gbígbóná.

Bẹ́líìtì ọrùn tí mo ní kí ẹ rà, ẹ fi lé ọmọ yín lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún ni ajá náà, ọrùn rẹ̀ ṣì ń tóbi. Kó máa ti ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ tí ìka kò bá wọlé mọ́, kó tú u síwájú sí i.